Ọmọkùnrin Tí Bíbélì Ò Dárúkọ Ẹ̀, àti Aṣọ Tí Mo Gbé Sá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ìwé mi ò jìnnà. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti dúró, mi ò sì kọ nǹkan gígùn rí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí èèyàn mẹ́ta bá dúró síbì kan, ẹ̀yìn wọn ni màá gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, bí mi ò bá sọ ọ́, àyà mi ò ní yé já.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ibì kan wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Ẹ má bi mí. Tẹ́ ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ máa mọ ìdí.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ni mò ń gbé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá. Ìyá màmá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, ló tọ́ mi dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni wọ́n, aláṣọ funfun. Àǹtí ní tiwọn fẹ́ ọkọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì di Onítẹ̀bọmi paraku. Ẹ kúkú mọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí o bá ju òkúta sọ́jà níbẹ̀, Onítẹ̀bọmi ló máa bà! Bí èmi náà ṣe ń bá wọn lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní kí n gbé aṣọ lọ fún kọ́sítọ́mà kan ní Ìkòyí-Ilé. Ọlọ́kadà tó máa ń bá wa gbé ẹrù ló gbé mi. A débẹ̀ láyọ̀. Kọ́sítọ́mà gbé aṣọ wọ̀, ó yí po níwájú díńgí, ó ní kí n bá òun kí ọ̀gá mi dáadáa.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọlọ́kadà ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kí á gba àbùjá oko kan. Ọ̀sán gangan ni o! Oòrùn ń ràn yòò. Ta ló máa rò pé nǹkan burúkú lè jáde nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀?

Àwọn ọkùnrin kan já láti inú igbó, ìbọn lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́kadà ju ọ̀kadà sílẹ̀, ó wọgbó lápá ọ̀tún. Èmi náà fò sílẹ̀, mo yà sápá òsì. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ mú mi, ìró mi ló rí dì mú. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ìró kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì. Ó fà á, ó tú. Mo fi í sílẹ̀ fún un! Bùbá àti yẹ̀rì nìkan ni mo fi ń sáré nínú igbó.

Ẹ̀gún ń ya mí lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ohùn tó ń pariwo lẹ́yìn mi. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi mí pamọ́, àwọn á padà wá jó ilé mọ́ ọn lórí. Ohùn yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà míì tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, àárín ariwo ẹ̀rọ ni màá ti máa gbọ́ ọ.

Mo ṣàdédé bọ́ sẹ́yìn ilé kan tí obìnrin kan ti ń yan gaàrí. Kò pariwo. Ó wo yẹ̀rì mi, ó wo ojú mi, ó kàn fà mí lọ́wọ́, ó tì mí sẹ́yìn àwọn àpò gaàrí, ó da àpò òfìfo bò mí. Ó padà sídìí agbada rẹ̀. Ọkọ ẹ̀ bọ́ síwájú ilé.

Wọn ò pẹ́ dé. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan gba ibí.

Mo gbọ́ tí ọkọ ní, “Ọmọbìnrin? Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé wá wò. Èmi, ìyàwó mi àti gaàrí ló wà níbí. Ṣé gaàrí lẹ̀ ń wá ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn burú ju ìbọn lọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n kúkú bu gaàrí náà wá. Ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ ìyàwó ò dúró. Mò ń gbọ́ igbá lára agbada, gbàrà-gbàrà, gbàrà-gbàrà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ti tọ̀ sára.

Nígbà tí wọ́n lọ, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ba òun náà. Wọn ò dàgbà jù mí lọ púpọ̀, òun àti ọkọ ẹ̀. Ó dìde, ó ṣí àpótí, ó mú ìró kan jáde, èyí tó dára jù nínú àpótí náà. Ẹ mọ àwọn àǹkárá tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tẹ̀ nígbà àjọ̀dún, tí wọ́n ya ilé ìjọ sí láàárín, tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ àti orúkọ abúlé yí i ká? Irú ẹ̀ ni. Ó ró o fún mi fúnra rẹ̀, bí ẹni ń róṣọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà.

Ọkọ ẹ̀ mú mi gba inú igbó títí a fi ń gbọ́ ìró mọ́tò lórí títì. Ó dúró níbẹ̀, kò bá mi jáde.

Ó ní, “Àbúrò, o ò rí wa o. Àwọn èèyàn yẹn ń gba iwájú ilé wa kọjá, wọ́n ń bu omi mu nínú àmù wa. Ibí la bí wa sí, a ò ní ibòmíì. Má dárúkọ wa fún ẹnikẹ́ni. Bó jẹ́ pásítọ̀ ni, má sọ fún un.”

Mo fìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Ó yí padà, ó wọgbó lọ.

Mo ti yí ojú ìró náà sínú kí n tó wọ mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ohun tó wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ọlọ́kadà ti débẹ̀ ṣáájú mi, ilé ti kún fún ẹkún. Àǹtí dì mọ́ mi títí n ò fi lè mí. Ọkọ wọn mú mi lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ti dá wa lọ́nà, mo sọ bí wọ́n ṣe rí. Ilé yẹn nìkan ni mi ò sọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ní ta ló gbà mí sílẹ̀?

“Ọkùnrin kan ni, mà.”

“Ọkùnrin wo?”

“Ọkùnrin kan ṣá ni, mà.”

“Kò lórúkọ ni? Mosún, ṣé ajá ló bí i ni?”

Mo dákẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ mí, dídákẹ́ kò nira fún mi. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ mi wá di orin sí àwọn kan lẹ́nu. Aládùúgbò wa kan wà tí a ń pè ní Màmá Kọ́yà, nítorí pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo wà nínú yàrá tí wọ́n ń sọ ọ́ lójúde.

“Ọmọbìnrin bọ́ ìró tirẹ̀ sígbó, ó ró ti ẹlòmíì wálé, ó lóun ò mọ orúkọ ẹni tó fún òun! Aṣọ ta ló ró wálé? Àbí bẹ́ẹ̀dì wà nínú igbó yẹn ni? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbọ́, ojú tì wọ́n, inú bí wọn. Wọ́n wọlé wá bá mi, wọ́n ní, “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, o máa jẹ́rìí níwájú ìjọ, o máa dárúkọ ẹni yẹn, kí ẹnu gbogbo wọn lè pa.”

Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ fọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọ orúkọ tèmi mọ́, ilé ta ló máa jóná?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ tó bọ́ sí ọjọ́ náà o! Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Jésù nínú ọgbà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e, aṣọ ọ̀gbọ̀ nìkan ló fi bora. Wọ́n gbá a mú, ó fi aṣọ sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn, ó sá lọ níhòhò. Mo ti gbọ́ ìtàn Jésù láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ohun tó ṣe mí ti ṣe rí!

Díákónì tó ń kọ́ wa béèrè pé ta ni ọmọkùnrin náà, nítorí ìwé ò dárúkọ ẹ̀.

Bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ní, “Máàkù ni! Òun ló kọ ìwé náà, ojú ló ń tì í láti sọ pé òun ni.”

Ẹlòmíì ní Jòhánù ni. Bàbá kan lẹ́yìn ní Lásárù ni, pé aṣọ ọ̀gbọ̀ yẹn ni wọ́n fi sin ín.

Bọ̀dá fóònù bi í pé, “Bàbá, àtìgbà yẹn, kò tíì pààrọ̀ aṣọ?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Màmá Kọ́yà ní, “Ojo ni, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bọ́ aṣọ sọ́wọ́ ọkùnrin tó sá lọ, ta ló máa fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé mímọ́?” Ojú mi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín mi gbẹ.

Díákónì ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó wá ní kí á fojú inú wò ó ná. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ìtàn yìí láti ẹnu dé ẹnu, àwọn tó wá mú Jésù ò tíì kú tán. Tí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá ni, ọmọ àdúgbò báyìí, ṣé wọn ò ti júwe ilé ẹ̀ fún ọ̀tá nìyẹn? Ó ní ẹni tó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Jésù gùn ńkọ́? Ọkùnrin tó ru ìkòkò omi, tí wọ́n tẹ̀ lé dé ilé tí wọ́n ti jẹun ìkẹyìn ńkọ́? Gbogbo wọn ló ṣe oore, kò sí ẹni tó dárúkọ wọn níbẹ̀. “Bóyá ìtìjú kọ́,” ó ní. “Bóyá ìfẹ́ ni.”

Ẹ̀yin ará, èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sókè. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá wá fi agídí béèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

Díákónì yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè dun olúwa ẹ̀ o.”

Agogo lù. A wọ inú ìsìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rí kì í dùn tí kò bá sí ohun tí wọ́n máa fi hàn. Ẹni tó bímọ á gbé ọmọ sókè, ẹni tó ra mọ́tò á ju kọ́kọ́rọ́ sókè, ìjọ á sì hó yèè. Wọ́n sì máa ń ya á sórí Facebook bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, nítorí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun.

Mo ti tọ́jú ìró yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tí wọ́n pè wá síwájú, tí Àǹtí ń rìn níwájú mi, mo rí i tí báàgì wọn wú. Mo rí etí aṣọ tó yọ díẹ̀ lẹ́nu ṣíìpù. Ìró yẹn ni!

Wọ́n fún mi ní máìkì. Mo ní, “Ẹ yin Olúwa.” Wọ́n ní, “Hàlelúyà!” Mo ní àwọn ẹni ibi dá mi lọ́nà, tọkọtaya kan ló gbà mí sílẹ̀, kí ìjọ bá mi dúpẹ́.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, “Dárúkọ wọn ká bá ẹ ṣàdúrà fún wọn!”

Mo dákẹ́. Àǹtí gba máìkì.

“Ẹ má bínú, ojú ló ń tì í. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Ẹ̀rí ẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Aṣọ yìí ni wọ́n fi bò ó láṣìírí, orúkọ ìjọ wọn àti abúlé wọn sì wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fídíò, ẹ sún mọ́ ibí...”

Wọ́n ti fa aṣọ náà jáde dé àárín. Mi ò ronú. Mo já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́! Wọ́n nawọ́ mú mi, ìborùn mi ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo gbá aṣọ mọ́ àyà, mo sá gba àárín ìjọ kọjá bí ẹni tí wọ́n tún ń lé nínú igbó.

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ̀mí ti gbé e!”

Ẹlòmíì ní, “Ó kúkú jẹ́ Aládùúrà tẹ́lẹ̀!”

“Ẹ jẹ́ kó sáré ẹ̀ tán!”

Ohun tó jẹ́ kí n rí ọ̀nà sá jáde nìyẹn. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí gbé mi, kò sí ẹni tó dá mi dúró. Wọ́n tilẹ̀ ń yà fún mi! Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀rù lásán ni?

Mo dé gáréèjì, mo wọ mọ́tò tó ń lọ Ọ̀yọ́. Mo ká aṣọ náà, mo yí ojú ẹ̀ sínú. Gbogbo ẹni tó bá wo ìhà ọ̀dọ̀ mi nínú mọ́tò, mo rò pé aṣọ ló ń wò. Níbikíbi tí mọ́tò bá ti rọra lọ, màá di ẹnu mú kí n má baà kígbe.

Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà funfun wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ wọn lásán. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ti abúlé, wọ́n nawọ́ bò mí lẹ́nu.

“Má sọ ọ́ fún mi. Arúgbó ni mí, mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.”

Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà fún ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní Olúwa mọ̀ wọ́n, ó tó.

Fóònù dún. Àǹtí ni. Wọ́n ń pariwo pé mo ti dójú ti àwọn níwájú pásítọ̀, pé ẹnu Màmá Kọ́yà ò ní gbófo mọ́ láyé. Ìyá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní. Àwọn tó gbé ìbọn, ṣé àwọn ò ní fóònù ni?”

Ohùn Àǹtí wá rọlẹ̀. “Màámi, mi ò rò ó débẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní àwọn á sáré lọ bá àwọn tó ń ya fídíò.

Wọ́n ti yọ fídíò náà kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí i ṣáájú? Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mi ò lè lọ wò wọ́n, mi ò lè pè wọ́n. Tí mo bá gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lápá ibẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi títí màá fi gbọ́ pé kì í ṣe àwọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ọpẹ́ míì wà tí ẹnu ò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ má fipá mú èèyàn dárúkọ olóore ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ rò ó pé ta ló tún ń wò. Èmi gan-an, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo ti pààrọ̀ nǹkan díẹ̀. Gaàrí yẹn lè má jẹ́ gaàrí. Ọ̀nà yẹn lè má jẹ́ ọ̀nà yẹn. Ní ti ọmọkùnrin tó sá níhòhò yẹn, mi ò wá ìdí ẹni tó jẹ́ mọ́. Mo kàn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀ tó sì gbé e mì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti ṣe yín lóore rí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀? Ẹ wá sọ ọ́ fún mi lábẹ́ ibí, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ó ti tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Ọ̀yọ́, kí Ìyá Àgbà tó jí, mo po aró dúdú tí wọ́n fi ń pa àwọn ìró wọn tó bá ti ṣá. Mo ri aṣọ náà bọ inú ẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, mo ṣì ń rí orúkọ abúlé náà fírífírí, mo tún rì í padà, mo fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ mi fi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúdú kirimú. Mo sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lójúde kejì gbé ojú sókè, ó bi mí pé aṣọ ta nìyẹn.

Mo ní, “Tèmi ni, mà.”